Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ìtàn ẹ̀rọ tó mú kí ẹja òkun lè gbé níbi tí kò sí òkun

Ẹni tó bá wọ Rood Woko, ọjà ńlá tó wà láàárín gbùngbùn ìlú Ouagadougou lórílẹ̀èdè Burkina Faso, lè ra ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ tí yóò fi sè é. Ẹja òkun tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàyè ló ṣòro láti rí níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Burkina Faso kò ní etíkun kankan. Láti Ouagadougou sí èbúté Lomé ní Togo tàbí Tema ní Ghana, ìrìnàjò nǹkan bíi 1,000 kìlómítà ni lójú títì.

Ẹja gbígbẹ lè fara da irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú àpò. Omi òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, ó gbówó lórí láti gbé, ó sì tètè máa ń bàjẹ́ tí ẹ̀dá abẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, lágbàáyé lónìí, àìmọye ilé tó jìnnà sí òkun ló ní akuéríọ́ọ̀mù omi òkun, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Ohun méjì ló mú kó ṣeé ṣe. Èkíní ni iyọ̀ tí ènìyàn pò pọ̀ kó lè jọ ti òkun. Èkejì ni ẹ̀rọ kan tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní protein skimmer lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìròyìn yìí, ẹ̀rọ ìfófó la ó máa pè é.

Ìbéèrè kan ni àwọn tó ń ra ẹ̀rọ yìí máa ń bi ara wọn: ṣé inú àpótí omi tó wà nísàlẹ̀ ni kí wọ́n gbé e sí, àbí ìta? Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

Bí ohun tó wà nínú òkun ṣe ń dé Ouagadougou

Ó pẹ́ tí àwọn ará Ouagadougou ti ń jẹ iyọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, àwọn oníṣòwò ń gbé iyọ̀ tí wọ́n gé bíi pákó láti Taoudenni nínú aṣálẹ̀ Sàhárà gba Timbuktu wá sí gúúsù, títí dé ilẹ̀ àwọn Mossi.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan dé Bobo-Dioulasso lọ́dún 1934, ó sì dé Ouagadougou lọ́dún 1954. Ó gùn ju 1,100 kìlómítà lọ. Láti ìgbà náà, ọjà etíkun ń wọ àárín ìlú náà ní wàrà-wàrà, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà ìṣòwò bẹ́ẹ̀ láti ìlú kan sí òmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Rood Woko fúnra rẹ̀ ti rí ìgbà tó le. Iná ńlá jó ọjà náà lọ́dún 2003, ọdún 2009 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ní gbogbo àkókò náà, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò ń wá ibi tí wọ́n máa pàtẹ sí káàkiri ìlú.

Ohun tí rélùwéè àti ọkọ̀ akẹ́rù kò lè gbé wá ni òkun fúnra rẹ̀. Ìṣòro kan náà ni àwọn ará Yúróòpù tó ń gbé níbi tó jìnnà sí etíkun bá pàdé ní nǹkan bí ọdún 1850, ọwọ́ wọn sì ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń da omi síwá sẹ́yìn

Lọ́dún 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne kó àwọn ẹ̀dá inú òkun tí wọ́n ń pè ní coral láti ìlú Torquay, létí òkun, lọ sí ilé rẹ̀ ní London. Coral ni irú ẹ̀dá tí wọ́n ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Thynne ṣàkíyèsí pé omi náà máa ń bàjẹ́ tí kò bá rí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa da omi náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́, fún ìṣẹ́jú tó pọ̀.

Ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń fi ọwọ́ ṣe ni pọ́ǹpù ń fi iná mànàmáná ṣe lónìí: ó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi.

Lọ́dún 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja fún aráàlú ní Regent's Park. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, tẹ ìwé rẹ̀ tó pè ní The Aquarium jáde. Ìwé náà wà lára ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Iyọ̀ ilé ìdáná tó di omi òkun

Gosse tún ṣe ohun kan tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí òkun jìnnà sí. Lọ́dún 1854, ó pò omi òkun fúnra rẹ̀ nílé. Iyọ̀ mẹ́rin ló lò: iyọ̀ tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ló pọ̀ jù, ó fi oríṣi iyọ̀ magnesium méjì àti iyọ̀ potassium kan kún un.

Ìdí nìyí tí iyọ̀ tó wà ní Rood Woko nìkan kò fi lè dá omi òkun ṣe. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, èyí tó túmọ̀ sí pé àpótí tó gba 100 lítà nílò kílò mẹ́ta àtààbọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ irú iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Àmọ́ èyí tó kù, bíi magnesium, calcium àti potassium, ni ẹja àti coral kò lè wà láàyè láìsí.

Ọgbọ́n náà tàn kálẹ̀. Lọ́dún 1869, wọ́n ṣí akuéríọ́ọ̀mù ńlá kan ní Berlin, ní òpópónà Unter den Linden. Berlin náà jìnnà sí òkun, nítorí náà àwọn tó ń darí ibẹ̀ di ògbóǹtarìgì nínú omi òkun àtọwọ́dá. Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú páálí lábẹ́ orúkọ Instant Ocean.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní omi tó mọ́ àti owó lè pò òkun tirẹ̀. Ìṣòro tó kù ni bí kò ṣe ní máa da omi olówó gọbọi náà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àpótí tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá ojútùú sí ìṣòro yìí ní ọ̀nà tó tóbi ni William Alford Lloyd. Lloyd ló kọ́ akuéríọ́ọ̀mù ọgbà ẹranko Hamburg tí wọ́n ṣí lọ́dún 1864. Lọ́dún 1871, ó ṣe èyí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Crystal Palace, ní gúúsù London.

Ohun tí àwọn àlejò ń rí ni àpótí onígíláàsì. Ohun tí wọn kò rí ni kànga ńlá kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀, nínú òkùnkùn. Omi tó wà nínú kànga náà pọ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ ju èyí tó wà nínú gbogbo àpótí òkè lọ. Ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi gbígbóná ń fa omi náà lọ sókè tọ̀sán-tòru, ó sì ń ṣàn padà sísàlẹ̀.

Bí ìdọ̀tí bá bọ́ sínú àpótí kékeré kan, omi púpọ̀ ló máa pò ó pọ̀. Kò ní lè pa ẹja kíákíá. Òkùnkùn inú kànga náà kò sì jẹ́ kí ewédò hù nínú omi.

Àpótí ìsàlẹ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ akuéríọ́ọ̀mù ilé lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní sump, ọmọ-ọmọ kànga Lloyd ni. Níbẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn nípa inú àti ìta ti wá.

Kí ni ìfófó ń ṣe?

Ẹni tó bá ti se ẹran tàbí ẹ̀wà rí mọ̀ pé tí omi bá hó, ìfófó máa ń gun orí rẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ á fi ṣíbí yọ ọ́, á sì dà á nù. Ẹni tó bá dúró sí etíkun Lagos tàbí Cotonou lọ́jọ́ tí ìgbì le náà á rí ìfófó funfun tí òkun ń tì sórí iyanrìn.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi méjèèjì. Ìdọ̀tí tó wá láti ara ẹ̀dá abẹ̀mí, bíi pròtéènì àti ọ̀rá, ní apá kan tó fẹ́ràn omi àti apá kan tó ń sá fún un. Tó bá pàdé hóró afẹ́fẹ́ nínú omi, apá tó ń sá fún omi á lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ náà. Bí hóró afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbé ìdọ̀tí lọ.

Ẹ̀rọ ìfófó jẹ́ ọ̀pá gíga tí pọ́ǹpù ń ti omi àti hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké gbà. Ìfófó á gun orí ọ̀pá náà, á sì dà sínú ife kan tó wà lókè. Ohun tó ń kóra jọ sínú ife náà máa ń dúdú bíi tíì, òórùn rẹ̀ sì le.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń kó ìdọ̀tí jáde kó tó jẹrà. Tí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù bá jẹrà nínú omi, á di amóníà, èyí tó jẹ́ májèlé fún ẹja. Kòkòrò bakitéríà á sọ amóníà di náítíréètì nígbà tó bá yá, èyí náà sì ń ba ìlera coral jẹ́ tó bá pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi odò. Inú omi iyọ̀ ni hóró afẹ́fẹ́ ti máa ń kéré, tí kì í tètè so pọ̀ mọ́ra wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin ẹja odò kì í fi í rà á.

Kì í ṣe àwọn ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí. Láti nǹkan bí ọdún 1905 ni àwọn awakùsà ní Broken Hill, Australia, ti ń fi ìfófó ya ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́tọ̀ kúrò lára iyẹ̀pẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ìfófó fún àwọn tó ń sin ẹja nílé. Orúkọ Tunze àti Sander wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù.

Ẹ̀rọ ìgbà náà kéré. Ọ̀pá oníke kan tí wọ́n ń fi há ara gíláàsì nínú àpótí ẹja gan-an ni. Ègé igi tó ní ihò wínníwínní ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó lè di hóró kéékèèké. Igi náà máa ń dí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Lásìkò kan náà, lọ́dún 1961, Lee Chin Eng tó ń gbé ní Jakarta, Indonesia, sọ fún ayé nípa ọ̀nà tirẹ̀. Òkúta inú òkun tó kún fún ẹ̀dá abẹ̀mí, oòrùn, àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni gbogbo ohun tó lò. Kò lo ẹ̀rọ ìfófó rárá.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yé ènìyàn tó bá wo àwòrán ilẹ̀ ayé. Etí òkun ni Jakarta wà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè pọn omi tuntun nígbà tó bá wù ú, ó sì lè rí òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òkun lọ́jọ́ náà. Ará Jámánì tó ra iyọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó tọ́jú omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará Berlin pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Dietrich Stüber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo òkúta abẹ̀mí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfófó tó lágbára, wọ́n sì pa àwọn asẹ́ mìíràn tì. Peter Wilkens náà ti kọ ìwé lọ́dún 1973 nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú coral àti irú rẹ̀. Ọ̀nà ti Berlin, bí wọ́n ṣe ń pè é títí dòní, ló mú kí coral bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú ilé dípò kó kàn máa kú díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe kúrò nínú àpótí ẹja

Ohun tó lágbára kì í sábà kéré. Bí ẹ̀rọ ìfófó ṣe ń tóbi sí i, kò lè há ara gíláàsì mọ́, ó sì ń ba ẹwà àpótí jẹ́.

Lọ́dún 1986, George Smit kọ àwọn àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn ẹja ní Amẹ́ríkà. Ó ṣàlàyé bí omi ṣe lè máa ṣàn láti orí àpótí ẹja lọ sínú àpótí ìsàlẹ̀ tó ní asẹ́, kí pọ́ǹpù sì tì í padà sókè. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ra àpótí ìsàlẹ̀ nítorí ìyẹn.

Nígbà tí ọ̀nà ti Berlin wá dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1990, wọ́n yọ asẹ́ náà kúrò, àmọ́ àpótí ìsàlẹ̀ kò lọ. Àyè ṣófo nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfófó ti rí ilé tuntun.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ló ń dúró sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìsàlẹ̀, nítorí pé wọ́n ga, pọ́ǹpù wọn sì tóbi. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù tuntun kan dé tí abẹ́ inú rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kéékèèké. Abẹ́rẹ́ náà ń gé afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń yí. Pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ kéré, kò sì jẹ iná púpọ̀. Ó mú kí ẹ̀rọ tó lágbára lè wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Inú ni àbí ìta?

Ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ rọrùn láti gbé kalẹ̀. Kò nílò páìpù púpọ̀, kò sì sí ihò tí wọ́n máa lu. Tí omi bá jò lára rẹ̀ tàbí tí ife rẹ̀ bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, inú àpótí ìsàlẹ̀ náà ló máa dà sí, ilẹ̀ ilé kò ní tutù.

Àmọ́ ó ní àléébù. Ó ń gba àyè. Pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú omi, ooru rẹ̀ sì ń wọ inú omi. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni jíjìn omi tó dúró sí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ iye sẹ̀ǹtímítà tí omi gbọ́dọ̀ jìn. Tó bá jìn jù, ìfófó á rin, á sì kún ife kíákíá. Tí kò bá jìn tó, ìfófó kò ní dé òkè rárá.

Nítorí náà, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi gíláàsì pín àpótí ìsàlẹ̀ sí yàrá, kí omi yàrá tí ẹ̀rọ wà má baà máa lọ sókè sódò bí omi ṣe ń gbẹ lójoojúmọ́. Tí omi bá sì jìn jù, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé orí ohun tó ga díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà ní ìta kò ní wàhálà jíjìn omi. Ó lè tóbi dé ibi tí àyè bá gbà á dé, ó rọrùn láti fọ̀, àpótí ìsàlẹ̀ sì á ṣófo fún nǹkan mìíràn. Pọ́ǹpù àwọn kan wà nínú afẹ́fẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ mú omi gbóná.

Ewu tirẹ̀ ni pé gbogbo oríkèé páìpù lè jò. Tí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde bá dí, tàbí tí ife bá kún nígbà tí onílé ń sùn, orí ilẹ̀ ni omi iyọ̀ máa dà sí. Omi iyọ̀ ń ba sìmẹ́ńtì, igi àti wáyà iná jẹ́. Àpótí tó pàdánù omi púpọ̀ náà sì lè pàdánù ẹja.

Ní kúkúrú, ẹ̀rọ inú lè dá ìdọ̀tí padà sínú omi, àmọ́ ó ń dáàbò bo ilé. Ẹ̀rọ ìta ń jẹ́ kí ìdọ̀tí jìnnà sí omi, àmọ́ ilé ló wà nínú ewu.

Èwo ló ń fọ omi mọ́ jù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èsì ìbéèrè yìí ló yẹ kó parí àríyànjiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Feldman, onímọ̀ kẹ́mísírì ní fásitì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2009 àti 2010.

Ó rí i pé ìwọ̀nba ni ìdọ̀tí ẹlẹ́ran-ara tí ẹ̀rọ ìfófó lè kó jáde nínú omi, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ olówó ńlá àti èyí tí owó rẹ̀ kéré tó yẹ̀ wò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn. Ìdọ̀tí tó kù, iṣẹ́ bakitéríà, òkúta abẹ̀mí àti ẹni tó ń pààrọ̀ omi ni.

Èyí túmọ̀ sí pé ibi tí ẹ̀rọ dúró sí kọ́ ló ń sọ bí omi ṣe máa mọ́ tó. Ohun tó ń sọ ni ibi tí wàhálà máa dà sí lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú.

Nínú àwọn ìlú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọjọ́ tí nǹkan ń dàrú kì í jìnnà.

Ooru àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ní Ouagadougou, oṣù kẹta àti ìkẹrin ni ooru máa ń mú jù, ó sì lè dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 lójú ọ̀sán. Coral fẹ́ràn omi tó wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 27. Ìyẹn ni pé gbogbo ooru tí pọ́ǹpù bá fi kún omi, ẹrù ni fún ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. Níbí, ẹ̀rọ ìta ní àǹfààní.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ń fẹ́ wọlé, omi sì ń gbẹ kíákíá. Omi tó gbẹ ń mú kí omi àpótí ìsàlẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ inú tí kò ní yàrá tirẹ̀ á dákẹ́ ìfófó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló tún wá le jù. Burkina Faso ń ra apá kan lára iná tó ń lò láti Ghana àti Côte d'Ivoire, iná sì máa ń lọ lásìkò ooru. Ará Lagos, Ìbàdàn, Cotonou tàbí Lomé kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Tí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró. Omi tó wà lókè á máa ṣàn sísàlẹ̀ títí tí yóò fi dé etí ihò tó ń gbà jáde. Tí àpótí ìsàlẹ̀ kò bá ní àyè tó ṣófo, omi á dà sílẹ̀, yálà ẹ̀rọ ìfófó wà nínú tàbí ní ìta.

Tí iná bá dé, ewu kejì bẹ̀rẹ̀. Omi ṣì jìn nínú àpótí ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ inú á hó kọjá bó ṣe yẹ, ife á kún, ìdọ̀tí ọjọ́ mélòó kan á sì padà sínú omi. Ní ti ẹ̀rọ ìta, tí nǹkan bá ti dí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ nígbà tí omi dúró, ilẹ̀ yàrá ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Nítorí náà, níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ ìdí ló wà fún onílé tí àpótí rẹ̀ kéré tàbí tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì láti lo ẹ̀rọ inú, kó gbé e sí yàrá tirẹ̀, kó sì jẹ́ kí ó tan lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí pọ́ǹpù ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìta yẹ ibi tí àpótí ti tóbi, tí ilẹ̀ yàrá jẹ́ sìmẹ́ńtì tó ní ihò omi, tí ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó ń bójú tó o, bíi ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwádìí.

Nínú méjèèjì, ohun tó ń kọ́kọ́ pa ẹja nígbà tí iná bá lọ ni àìsí afẹ́fẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì lè gba ẹ̀mí là ju ẹ̀rọ ìfófó tó gbówó lórí jù lọ.

Ẹja ilẹ̀ wa

Ìtàn yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Lọ́dún 1951, Jean Cadenat, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí inú òkun ti àjọ IFAN ní erékùṣù Gorée, Senegal, ló fún ẹja kan ní orúkọ Holacanthus africanus. Ẹja aláwọ̀ mèremère náà ń gbé nínú òkun láti Senegal lọ dé apá Congo. Omi tó ń fọ́ sí etíkun Ghana àti Nàìjíríà wà lára ilé rẹ̀.

Inú òkun ni wọ́n ti ń mú èyí tó pọ̀ jù lára ẹja òkun tí wọ́n ń tà fún akuéríọ́ọ̀mù lágbàáyé, kì í ṣe pé wọ́n ń sìn wọ́n láti kékeré bí ọ̀pọ̀ ẹja odò. Ẹja kọ̀ọ̀kan tó bá kú nínú àpótí tí wọn kò tọ́jú dáadáa, òkun ni wọ́n máa padà lọ láti mú òmíràn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú àti ìta fi ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ní owó tó ń fi ṣeré lọ. Anna Thynne mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ń da omi lójoojúmọ́. Lloyd mọ̀ ọ́n, ó gbẹ́ kànga sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ará Berlin mọ̀ ọ́n, wọ́n fi ìfófó tọ́jú omi tí wọn kò lè rí òmíràn.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó wà ní Ouagadougou, tí òkun rẹ̀ jìnnà tó 1,000 kìlómítà, lè gba ọ̀nà inú tàbí ọ̀nà ìta. Kó tó ra èyíkéyìí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni ibi tí omi máa dà sí ní aago méjì òru, nígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, tí kò sì sẹ́ni tó jí nínú ilé.